Fíìmù òṣìṣẹ́ tí gbèsè lé dé ìdí olè: kí là ń wò níbẹ̀ gan-an?

Ìbéèrè láti Kétu, ní Benin

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ ń yin àwọn fíìmù tí wọn ò náwó púpọ̀ lé lórí yìí, èyí tí òṣìṣẹ́ kan máa ń wà níbẹ̀ tójú ń pọ́n, tó máa wá lọ jalè tàbí kó wọ iṣẹ́ fàyàwọ́. Èmi máa ń sùn lọ lórí wọn ni. Òkùnkùn ṣáá, wọn ò sọ̀rọ̀, ìdajì fíìmù á lọ tán ọkùnrin náà ò tíì mú nǹkan kan, bó bá wá jalè tán, wọ́n á ní ká máa káàánú ẹ̀. Kí ló dáa níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé bówó bá ti wọ́n kí wọ́n máa mú tẹni ẹlẹ́ni? Èmi náà fẹ́ kọ ìtàn fíìmù o, ìdí tí mo fi ń bi yín nìyẹn."

* * *

Àbúrò, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó o ti sùn lọ yẹn, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ìdajì fíìmù tó o ní ọkùnrin náà ò tíì mú nǹkan kan, kí ló ń ṣe níbẹ̀? Iṣẹ́ ló ń ṣe. Iṣẹ́ ẹ̀ là ń wò, owó tó ń wọlé, owó tó ń jáde, àti ibi tí owó yẹn ò ti ká nǹkan. Fíìmù tó bá fo ìyẹn, tó kàn gbé ọkùnrin kan wá tìbọn tìbọn, èmi máa ń dìde ni, torí mi ò mọ ohun tó ń wá. Olè tí mi ò mọ iye tó jẹ, ọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í kàn mí.

Mú Blue Collar, tí Paul Schrader ṣe lọ́dún 1978, fíìmù àkọ́kọ́ tó darí fúnra ẹ̀ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni, nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to mọ́tò ní Detroit ní Amẹ́ríkà, Richard Pryor, Harvey Keitel àti Yaphet Kotto ló ṣe wọ́n. Ọ̀kan, àwọn agbowó-orí ń lé e torí ó purọ́ iye ọmọ tó ní, lọ́jọ́ tí agbowó-orí wá sílé ẹ̀ wọ́n sáré yá ọmọ aládùúgbò kó lè pé. Èkejì, ọmọ ẹ̀ obìnrin nílò wáyà tí wọ́n fi ń to eyín, owó ò sí, ọmọ yẹn wá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe wáyà sẹ́nu títí ó fi ṣe ẹnu léṣe. Ọkùnrin kan tún wà níbi iṣẹ́ tí ẹ̀rọ tó ń ta nǹkan mímu gbówó ẹ̀ mì, ó fi fọ́kílíìfù kọ lu ẹ̀rọ náà. Gbogbo èyí, kò tíì sẹ́ni tó jalè o. Ìgbà tí wọ́n wá jọ lọ fọ́ séèfù ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn, kí ni wọ́n bá níbẹ̀? 600 dọ́là. Àwọn mẹ́ta. Àti ìwé kan tí ẹgbẹ́ kọ owó tí wọ́n ń yáni lábẹ́lẹ̀ sí.

Bó ò bá wo wáyà eyín yẹn dáadáa, 600 dọ́là yẹn ò ní dùn ọ́. Ohun tí wọ́n fi ìdajì fíìmù kọ́ nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n ń fi àkókò ẹ ṣòfò.

* * *

Àwọn tó ń sọ pé à ń gbè sẹ́yìn olè pọ̀ nínú àwọn tó kọ̀wé sí mi lórí ìbéèrè yìí, mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ò ju ọ̀kan lọ: ìṣẹ́ ò ní kéèyàn mú ohun olóhun, bàbá tiwọn náà tálákà, àgbàro ló ń ṣe káàkiri Ṣabẹ, kò mú iṣu ẹnikẹ́ni rí. Ẹnìkan tún fi òwe tì í, pé ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, tó bá dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Mi ò bá wọn jà lórí bàbá wọn, bàbá yẹn ṣe ohun tó dáa. Ṣùgbọ́n kéèyàn mọ bí ẹnìkan ṣe dé ìdí olè yàtọ̀ sí kó dá a láre, àwọn méjèèjì yìí lẹ̀ ń dà pọ̀ mọ́ra.

Ẹ wo Bicycle Thieves tí Vittorio De Sica ṣe lọ́dún 1948, ní Róòmù lẹ́yìn ogun. Ọkùnrin náà ríṣẹ́, iṣẹ́ kó máa lẹ pósítà mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n wọ́n ní àfi kó ní kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti wà níbi tó fi dógò, ìyàwó ẹ̀ ló kó aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì wọn lọ fi pààrọ̀ kí wọ́n tó rí i gbà padà. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an ni wọ́n jí i lọ. Ó wá a títí, òun pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ kékeré, nígbà tó sú u òun náà lọ gbé kẹ̀kẹ́ ẹlòmíì, wọ́n sì mú un lójú ọmọ yẹn. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ wo ọmọ náà, ó ní kí wọ́n fi bàbá ẹ̀ sílẹ̀. Ta ló wo ìyẹn tán tó sọ pé òun náà á lọ jí kẹ̀kẹ́? Ojú tó ti bàbá yẹn níwájú ọmọ ẹ̀ ju ẹ̀wọ̀n lọ.

Mo ti wà ní ọjà Wàǹdó níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nígbà tí wọ́n pariwo olè lé ọmọkùnrin kan lórí. Fóònù ni wọ́n ló mú. Kò pẹ́ rárá tí ẹnìkan ti ń béèrè taya, tí ẹlòmíì ń béèrè bẹntiróòlù. Àwọn ìyá ọjà ló dì mọ́ ọmọ yẹn tí wọn ò jẹ́, àwọn ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Nínú gbogbo ariwo yẹn kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo ń rò ó títí dòní. Fíìmù ló máa ń fún mi láyè láti béèrè, kí n wà pẹ̀lú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìgbà tó na ọwọ́, kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ẹ̀.

* * *

Àbúrò Kétu padà wá, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó di dandan kí n máa ka owó sójú fíìmù?"

Dandan ni. Kà á sílẹ̀.

Láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba Benin fọwọ́ sí jẹ́ 52,000 séfà, 40,000 ló wà tẹ́lẹ̀. Ká ní ọkùnrin rẹ jẹ́ ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù lóru, tó ń gba iye yẹn. Ká ní yàrá tó ń gbé jẹ́ 15,000. Ọmọ méjì ń lọ ilé ìwé, ìyá ẹ̀ wà ní abúlé lọ́hùn-ún lápá Ìdígínì tó ń retí kó fi nǹkan ránṣẹ́. Ká wá ní ó jẹ gbèsè 180,000. Ẹlòmíì á ní, 180,000 lásán? Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kó ṣírò ẹ̀: owó oṣù mẹ́ta àtààbọ̀ nìyẹn láìjẹ, láìmu, láìsanwó ilé. Bó o bá kọ ọ́ pé ó jẹ ogún mílíọ̀nù, o ti ba fíìmù ẹ jẹ́, torí ẹni tó ń gba 52,000 kò sẹ́ni tó máa yá a ní ogún mílíọ̀nù. Iye tó kéré, tí kò ṣeé san, ìyẹn ló ń dẹ́rù bani.

Kó o tún jẹ́ ká mọ ẹni tó jẹ. Láyé àtijọ́, ẹni tó jẹ gbèsè tí kò san, wọ́n á rán ológò sí i, á wá jókòó tì í nílé, á máa bú u, á máa jẹ oúnjẹ ẹ̀, kò ní lọ títí wọ́n á fi san. Lóde òní, àwọn ilé ìyáwó kéékèèké máa ń ní kí ẹ kó ara yín jọ ní àwùjọ, kẹ́ ẹ dúró fún ara yín, bí ẹnìkan ò bá san àwọn tó kù á san án. Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn tó máa wá kanlẹ̀kùn òṣìṣẹ́ yẹn láàárọ̀ kì í ṣe ọ̀daràn, aládùúgbò ẹ̀ ni, ẹni tó bá a sọ ọmọ lórúkọ ni. Másọ̀nì kan wà ládùúgbò wa tọ́rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí, ilé tó kọ́ fún ẹnìkan, ẹni yẹn ò sanwó fún un, òun náà ò wá rówó san fún àwùjọ. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ dúró ló wá gbé fáànù àti tẹlifíṣọ̀n ẹ̀ lọ, wọ́n ń sunkún bí wọ́n ṣe ń gbé e. Kò jalè o. Ó kó lọ sí Cotonou. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti wá bá a lálẹ́ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú iṣẹ́ kan tí kò mọ́, mi ò lè búra pé á kọ̀.

Fíìmù tí mo fẹ́ wò nìyẹn. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, kò nílò ìbọn kankan.

* * *

Ìyá kan tó ń tajà ní Adjarra kọ̀wé, ọ̀rọ̀ wọn ló ṣe mí ní àǹfààní jù nínú gbogbo èyí. Wọ́n ní gbogbo fíìmù yìí, ìyàwó á kàn jókòó sílé ni, á máa sunkún, á máa béèrè pé níbo lo ti wá. Wọ́n ní ní ilé tiwọn, ìyàwó ló mọ ìṣirò. Obìnrin ló ń dá àjọ, òun ló mọ iye tó kù nínú garawa gàrí, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé owó tí ọkọ gbé wálé lónìí kì í ṣe owó iṣẹ́.

Ìyá, ẹ ṣé. Òótọ́ pọ́ńbélé. Nínú fíìmù De Sica tí mo sọ lókè, ìyàwó ló kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì jáde, òun ló wá ọ̀nà àbáyọ kí ọkọ tó mọ ohun tó máa ṣe. Àbúrò Kétu, gbọ́ o: ìran tó le jù nínú ìtàn ẹ kì í ṣe ìran olè jíjà. Ìgbà tó bá gbé owó kalẹ̀ tí ìyàwó ẹ̀ kà á ni. Á kà á lẹ́ẹ̀kan, á tún un kà, kò ní bi í léèrè nǹkan kan. Á mú lára ẹ̀ lọ san owó ilé ìwé. Láti ìgbà yẹn lọ, òun náà ti wà níbẹ̀.

* * *

Lórí òkùnkùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ò rí nǹkan kan, orí fóònù lẹ ti ń wò ó lọ́sàn-án gangan, ẹ gbé e sínú yàrá lálẹ́ kẹ́ ẹ tún un wò. Ṣùgbọ́n mo gbà pé àwọn kan ń ṣe òkùnkùn nítorí pé wọn ò ní iná, wọ́n wá ń pe ìyẹn ní àrà fíìmù. Rárá. Òkùnkùn tó dáa gbọ́dọ̀ ní ibi tí iná ti ń wá. Ní Àjàṣẹ́ níbí, ibi tí iná ti ń wá lóru ò ṣòro láti rí: iná funfun àwọn kafẹtéríà tí wọ́n ti ń din ẹyin sí sìpàgẹ́tì, fìtílà àwọn tó ń ta nǹkan lẹ́bàá títì, iná ọ̀kadà tó ń bọ̀ látọ̀ọ́kán. Jókòó ọkùnrin ẹ sídìí tábìlì kafẹtéríà, jẹ́ kí iná yẹn mú ìdajì ojú ẹ̀, a ti rí i tó. Jeremy Saulnier tó ṣe Blue Ruin lọ́dún 2013, fúnra ẹ̀ ló di kámẹ́rà mú, apá kan owó tó fi ṣe é sì jẹ́ èyí táwọn èèyàn dá jọ fún un lórí ìkànnì Kickstarter, ọ̀rẹ́ ẹ̀ láti kékeré ló fi ṣe ẹni tí ìtàn dá lé lórí. Kò sí òkùnkùn àìmọ̀ọ́ṣe níbẹ̀.

Ohùn ló ń pa fíìmù wa, kì í ṣe iná. Mo ti bá àwọn ọ̀dọ́ kan ṣiṣẹ́ lórí fíìmù kékeré rí, àwòrán wọn dáa gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò wà nínú gbogbo gbólóhùn. Ìtàn gbèsè jẹ́ ìtàn ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí a ò bá gbọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn ó ti tán. Ẹ ra gbohùngbohùn kékeré tó dáa kẹ́ ẹ tó ronú kan kámẹ́rà.

* * *

Ẹnìkan láti Ṣabẹ béèrè pé èdè wo. Ó ní bí wọ́n bá fi Yorùbá Ṣabẹ sọ ọ́, àwọn ará Èkó ò ní gbọ́ gbogbo ẹ̀, bí wọ́n bá sì fi ti Ọ̀yọ́ sọ ọ́, irọ́ ni.

Gbogbo èdè ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀. Ọkùnrin wa yìí ń sọ Yorùbá nílé, Gun lọ́jà, Faransé níwájú ọ̀gá àti níwájú ẹni tó fẹ́ yá a lówó. Ẹ ti rí ọkùnrin tó ń fi Yorùbá pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín nídìí ayò, tó wá dé iwájú tábìlì ọ́fíìsì tí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ di "wí, msyé"? Ohùn ẹ̀ á kéré. Èjìká ẹ̀ á wálẹ̀. Ìyẹn nìkan ti sọ ohun tó ju ìwé ojú ewé mẹ́wàá lọ nípa ipò tó wà, ẹ má fi èdè kan bò ó mọ́lẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ kó wọlé láti Nàìjíríà. Mo mọ̀ pé á dé ibẹ̀, torí Àbúrò Kétu sọ pé òun ti fi ọlọ́dẹ sílẹ̀, ẹni tó ń fi ọ̀kadà kó epo kpayo láti ẹnu ibodè lòun fẹ́ lò. Kíá làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jà: ẹnìkan láti Ìlárá ní kpayo kì í ṣe olè, bí bàbá òun ṣe tọ́ òun nìyẹn, ẹlòmíì ní òfin kà á léèwọ̀, ọ̀daràn ni, ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò parí. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà. Ẹni tó ń ra epo inú ìgò lẹ́bàá títì láàárọ̀, tó ń pe ẹni tó kó o wá ní ọ̀daràn lálẹ́, ẹ jẹ́ ká fi òun náà sínú fíìmù. Ẹ tún wo bí ìpinnu tí wọ́n ṣe níbòmíì ṣe ń dé orí ọkùnrin yìí. Oṣù kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ibodè, ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, ààrẹ tuntun ní Abuja sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, iye epo fò lọ́hùn-ún, ti kpayo fò níbí. Kò sẹ́ni tó bi ọlọ́kadà kan ní Ìgólò tàbí Kétu léèrè. Ó kàn jí, èrè ẹ̀ ti lọ, gbèsè tó fi ra ọ̀kadà ṣì wà ńbẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, iná jó níbi tí wọ́n ń kó epo kpayo sí ní Sèmè-Podji, ó ju 30 èèyàn lọ tó kú. Ọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà tí kẹ́ẹ̀gì epo yí i ká mọ èyí o. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa bó ṣe ń ṣáná sí ọ̀kadà ẹ̀ láàárọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fíìmù yìí ò ní ìpayà, ìpayà wo lẹ tún ń wá?

Nítorí náà mo fara mọ́ Àbúrò Kétu: kpayo dáa ju ọlọ́dẹ lọ. Ṣùgbọ́n kó má ṣe fi kpayo ṣe ẹ̀ṣẹ̀ inú fíìmù náà. Kpayo ni iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tí wọ́n bá ní kó gbé sáàárín epo.

* * *

Ìparí ńkọ́? Àwọn tó dàgbà pẹ̀lú fíìmù fídíò wa fẹ́ kí ọlọ́pàá mú un, kó ṣẹ̀wọ̀n, kí ògo jẹ́ ti Olúwa, kó tán. Bàbá kan sọ pé bí wọn ò bá mú un àwọn ọmọ á rò pé ó dáa.

Bàbá, mo gbọ́ yín, mi ò sì fẹ́ kí olè jèrè. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó dé ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn máa ń gba ẹrù kúrò lórí àwa òǹwòran ni, a ò ní ronú mọ́. Nínú Blue Collar, ẹgbẹ́ yẹn ò ní kí wọ́n mú gbogbo wọn. Wọ́n pín wọn níyà. Ọ̀kan kú sínú yàrá tí wọ́n ti ń kun mọ́tò ní ọ̀dà, ọ̀kan gba ipò lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan sá lọ bá FBI, àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Bí ó ṣe parí, àwọn méjì tó kù kọjú ìjà sí ara wọn níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ìyà wà níbẹ̀, bàbá, ó wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Kò kàn dé orí àwọn tó fa gbogbo ẹ̀ ni, torí bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí ẹ bá wo ìyẹn pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ bi wọ́n pé ta ló jèrè. Wọ́n á dá yín lóhùn.

* * *

Èyí tó kẹ́yìn lónìí. Àbúrò Kétu ní: "Mo ti kọ ojú ewé díẹ̀. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì kan fún un tí kì í ṣe epo ló wà nínú ẹ̀. Ìgbà wo ni kí n jẹ́ kó ṣí i?"

Má jẹ́ kó ṣí i. Àwọn èèyàn á bínú, jẹ́ kí wọ́n bínú. Ẹni tó bá nílò 180,000 kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ kì í fẹ́ mọ ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì, ó ń sá fún mímọ̀ ni, àwa náà kò gbọ́dọ̀ mọ̀ ju bó ṣe mọ̀ lọ. Ìran tó yẹ kó o jókòó tì dáadáa ni ti ìdúnàádúrà. Fi sí ìdí kafẹtéríà, lóru, kí wọ́n fi Gun bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n yí i sí Yorùbá. Jẹ́ kí ẹni tó gbéṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ ní 40,000. Jẹ́ kí ọkùnrin ẹ sọ pé 180,000, kó má dín kan, torí iye tó jẹ nìyẹn, kò tiẹ̀ ronú pé ó lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹni yẹn wò ó fún ìgbà díẹ̀, kó sì gbà wàrà, láìyọwó. Ibẹ̀ ni kí ọkùnrin ẹ ti mọ̀ pé ẹrù yẹn wúwo ju ohun tó rò lọ. Kọ ìyẹn kọ́kọ́, ṣáájú gbogbo ìyókù, kó o fi ránṣẹ́, màá kà á lọ́sẹ̀ yìí.